Ta Ló Bèèrè Ìdòwú?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń sọnù lójú ẹni mẹ́rin tí wọ́n ń sanwó oṣù fún láti máa ṣọ́ ọmọ, ẹ wá gbọ́ ti Abọ́sẹ̀dé Ọlátúnjí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tíṣà ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé, tó ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà títí di òní tó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an ló kó bá a.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá àwọn ọmọ tí ìyà fẹ́ pa sí kọ̀rọ̀ ní Ẹdẹ àti àwọn abúlé tó yí i ká: ọmọ tí òbí rẹ̀ kú, ọmọ tí ebi ń lé kúrò ní ilé ìwé, ọmọ tí wọ́n ń lù bí ẹni lu bàrà. Kó tó dé ẹnu iṣẹ́ náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọ́fíìsì ń ṣe tiwọn, kálukú pẹ̀lú fáìlì rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ìyá ọmọ á rojọ́ fún nọ́ọ̀sì, á tún un rò fún tíṣà, á tún un rò fún ọlọ́pàá títí ẹnu rẹ̀ á fi gbẹ, wọn á sì ní kó lọ rí ẹlòmíràn. Abọ́sẹ̀dé ló ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ mọ́, pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó kó wọn jọ, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Àjùmọ̀tọ́, wọ́n sì ń ṣèpàdé ní Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò ìwé tí wọ́n ń lò: ìwé kan ṣoṣo fún ìdílé kan, ẹ̀dà kan á lọ sí ilé ìwé, òmíràn á lọ sí ilé ìwòsàn, òmíràn á lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé yẹn, á gba aṣọ ilé ìwé, á jẹun ọ̀sán níbẹ̀, á gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọn á sì máa fún un ní ìyẹ̀fun ẹ̀wà sóyà lóṣooṣù. Abọ́sẹ̀dé fẹ́ràn ìwé náà bí ẹni pé òun ló bí i.

Nínú oṣù kẹta ọdún ló gun ọ̀kadà lọ sí ilé Ṣàngóyẹmí, ní ọ̀nà oko lẹ́yìn Sekona. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn ò sì tíì fi òrìṣà ìdílé wọn sílẹ̀. Ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ló kù níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyábọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ tó bí àwọn ọmọ náà, ti kú ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn. Bàbá wọn ní òun ń wá iṣẹ́ lọ sí Kùtọnù, láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni ò ti gbúròó rẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ kí ìyá, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ìyá, ọmọ mélòó ló wà lọ́dọ̀ yín?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Háà, Àǹtí ìjọba! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Mi ò bínú. Wọ́n kúkú wà níbẹ̀ yẹn, ẹ ṣáà ń rí wọn."

Kí ni ẹ fẹ́ kí Abọ́sẹ̀dé ṣe? Nílé tiwọn náà, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ díákónì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ìka sí ọmọ kó máa kà á bí ẹni ń ka iṣu. Ó gbójú wo àgbàlá. Ó rí Bùnmi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó ń rẹ́ ilá. Ó rí Táyé àti Kẹ́hìndé, ìbejì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó rí Àlàbá, ọmọ ọdún márùn-ún, tó ń fi iyanrìn ṣeré. Ó bi Bùnmi ní orúkọ àwọn tó rí, Bùnmi sì dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Abọ́sẹ̀dé kọ wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó wá kọ "mẹ́rin" sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ẹ dúró ná. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ Táyé, tí yóò gbọ́ Kẹ́hìndé, tí yóò tún gbọ́ Àlàbá, tí ọkàn rẹ̀ ò ní wá ẹni tó wà láàárín? Ìdòwú ló ń tẹ̀lé ìbejì, Àlàbá ló ń tẹ̀lé Ìdòwú. Bí Àlàbá bá wà, Ìdòwú ti kọ́kọ́ wá sáyé. Abọ́sẹ̀dé náà rí i, kálàmù rẹ̀ tiẹ̀ dúró díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni pé ọmọ náà ti kú, ta ló sì ń bèèrè òkú ọmọ lọ́wọ́ arúgbó tí kò tíì gbàgbé òkú ìyá ọmọ? Ó pa ìwé dé, ó ní, "Ọlọ́run á wò wọ́n o, Ìyá." Ìyá àgbà ní, "Àṣẹ."

Ìdòwú ò kú. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló bá aládùúgbò wọn kan lọ sí ìlú Ara, wọ́n lọ ru ẹ̀gẹ́. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún méje. Ó dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀, Bùnmi sì sọ fún un pé Àǹtí kan wá láti Ẹdẹ, ó kọ orúkọ àwọn. Ó bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ ṣe. Bùnmi ní òun ò mọ̀.

Bí ìwé ọmọ mẹ́rin ṣe bọ́ sí ọ̀nà nìyẹn. Nọ́ọ̀sì Kafilat kà á ní ilé ìwòsàn, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yà, Ìdòwú wọn ti lọ," ó sì ṣí ojú ìwé tó kàn. Nígbà tó dé ilé Ṣàngóyẹmí láti wọn àwọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, ó rí ọmọ tín-ín-rín kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kejì. Ó wo ìwé, mẹ́rin ni. Ó gbà pé ọmọ aládùúgbò ni. Kọ́pìrà Sàídì, ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn ọmọdé, ka ẹ̀dà tirẹ̀, ó ṣe "inna lillahi" lábẹ́lẹ̀ fún òkú ọmọ, ó fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà, ọ̀gá ilé ìwé, náà rí i, ó mi orí. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n, gbogbo wọn ló rí àlàfo kan náà, gbogbo wọn ló fi ọ̀wọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bí àwọn àgbà ṣe wí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ ya ẹnu tí yóò bèèrè.

Aṣọ ilé ìwé mẹ́rin dé ilé Ṣàngóyẹmí. Ìyá àgbà fọwọ́ pa wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́. Ó pín wọn fún àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn. Láti ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́rin a máa lọ sí ilé ìwé, Ìdòwú a sì tẹ̀lé wọn dé ìdí igi òròǹbó, á padà sílé.

Ní ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà kíyè sí i pé bí wọ́n bá ti bu ẹ̀wà fún Kẹ́hìndé, ìdajì ló ń jẹ, á da ìdajì sínú ọ̀rá, á tì í bọ àpò ìwé. Ó bi í léèrè ohun tó ń fi í ṣe.

"Ti Ìdòwú ni, sà."

Ẹ̀rín tó kún fún àánú ni tíṣà rín. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé abọ̀rìṣà ni ará ilé ọmọ náà, ó sì ti gbọ́ pé bí ìbejì bá kú, àwọn kan ṣì máa ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ní bóyá wọ́n ń ṣe é fún Ìdòwú náà. Kò fẹ́ tojú bọ ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn. Ó sọ fún Nọ́ọ̀sì Kafilat, àwọn méjèèjì sì jọ káàánú òkú tó ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́.

Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù keje, òjò ń rọ̀ gan-an, àwọn ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀tọ́ sì ń ṣèpàdé. Wọ́n dé orí ilé Ṣàngóyẹmí. Kafilat ní àwọn ọmọ náà ti sanra sí i. Sàídì ní òun ò ní ẹ̀sùn kankan nípa wọn. Abọ́sẹ̀dé ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn, torí ìdílé yìí ló fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀gá tó ń bọ̀ láti Òṣogbo.

"Kẹ́hìndé tiẹ̀ ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán báyìí," ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà wí. "Mo ní, ti Ìdòwú ńkọ́? Ó ní Ìdòwú ti lọ sí Ìbàdàn."

Ó ti fẹ́ ṣí ojú ìwé tó kàn.

"Ó lọ síbo?" ni Abọ́sẹ̀dé bèèrè.

"Ìbàdàn ni ó pè é."

Òkú kì í lọ sí Ìbàdàn. Ó hàn lójú wọn níkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yé wọn. Kafilat fi ọwọ́ bo ẹnu. Abọ́sẹ̀dé wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ tó dára: Bùnmi, Táyé, Kẹ́hìndé, Àlàbá. Kò dúró kí òjò dá tó fi jáde. Sàídì bá a wá kẹ̀kẹ́.

Ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Lọ́tẹ̀ yìí, Abọ́sẹ̀dé bèèrè.

"Ìdòwú?" ni ìyá wí. "Ìyá Rídwán ló mú un lọ sí Ìbàdàn, èyí tó ń tẹ́ aṣọ bọ́síkọ̀rọ̀ ní oríta Sekona. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní yóò máa bá òun gbé ọmọ pọ̀n, òun á sì fi í sí ilé ìwé."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́?"

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀gúsí. "Àǹtí, mẹ́rin lẹ fún láṣọ. Mo ní bóyá ibi tí agbára ìjọba mọ nìyẹn. Ṣé kí n wá máa bá yín fà á, ẹ̀yin tí ẹ ṣe wá lóore? Àwọn tó kù á lọ, òun á jókòó tì mí, á máa sunkún. Mo wá ní kó lọ, kí òun náà lè ní tirẹ̀ níbì kan."

Ó yẹ kí Abọ́sẹ̀dé sọ òótọ́ fún un níbẹ̀ yẹn, kó ní, "Ìjọba kọ́, Ìyá, èmi ni." Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, "A ó wá a rí." Ẹ̀rù ló bà á, kò sí ohun mìíràn.

Wọ́n wá a. Nọ́ńbà fóònù tí Ìyá Rídwán fi sílẹ̀ ò lọ mọ́. Àwọn tó ń tajà ní oríta ní àwọn ò mọ ilé rẹ̀, àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó bí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Rídwán. Ní tẹ́ṣàn, Sàídì ṣí ìwé ọmọ tó sọnù, ó di kálàmù mú.

"Fọ́tò rẹ̀?"

"Kò sí."

"Ìwé ọjọ́ ìbí? Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ìwé ilé ìwé?"

"Sàídì, o mọ̀ pé kò sí."

Kọ́pìrà gbé kálàmù sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìwé tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ nípa ilé yẹn, kò sí ìkankan tó jẹ́rìí pé wọ́n bí ọmọ yìí rí." Ohun kan ṣoṣo tó rí kọ ni ohun tí Bùnmi sọ, pé àpá wà ní orúnkún òsì Ìdòwú, níbi tó ti fara pa lórí ọlọ.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Abọ́sẹ̀dé ò lè jẹun mọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, bí wọ́n bá pe àwọn ọmọdé síwájú nínú ìjọ kí wọ́n kọrin, á máa kà wọ́n nínú ọkàn rẹ̀, òun tí wọ́n tọ́ pé kò gbọdọ̀ ka ọmọ. Bó bá kà wọ́n tán, á tún wọn kà.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Sàídì gbọ́ pé wọ́n gba àwọn ọmọbìnrin kan sílẹ̀ nínú ilé tí àwọn tó ń fi ọmọ ṣòwò kó wọn sí ní Ìbàdàn, wọ́n sì wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ kan níbẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ò lè dá lọ. Kò mọ ojú ọmọ tó ń wá. Ó tọrọ Bùnmi lọ́wọ́ ìyá àgbà, àwọn méjèèjì sì wọkọ̀ láàárọ̀ kùtù. Bùnmi wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ nítorí òun ló dára jù nínú aṣọ rẹ̀. Ó di ẹ̀wà díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e lé itan títí wọ́n fi dé.

Ọmọbìnrin mọ́kànlá ni wọ́n mú jáde. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n dúró. Abọ́sẹ̀dé ń wo orúnkún wọn. Ẹni kẹjọ kéré, àpá sì wà lórí orúnkún òsì rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé di ọwọ́ Bùnmi mú gírígírí. Bùnmi wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀.

"Òun kọ́," ló wí.

"Wò ó dáadáa."

"Òun kọ́, mà."

Ọmọ náà gbójú sókè wò wọ́n. "Ṣé èmi lẹ wá mú?"

Bùnmi na ọ̀rá ẹ̀wà náà sí i, ó gbà á, àwọn mẹ́wàá tó kù sì ń wò ó. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn ní ẹnikẹ́ni ò tíì wá bèèrè èyí rí, àwọn ò sì rí ìwé kankan tó sọ ibi tó ti wá.

Bí wọ́n ṣe dé ilé Ṣàngóyẹmí lọ́sàn-án, ìyá àgbà gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ó ka ẹsẹ̀ náà, ó mọ̀ pé ẹni méjì ni. Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀, kò sì dìde.

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi. Ìjọba ò sọ pé mẹ́rin. Kò sí iye tí a ò lè gbà. Èmi ni mo kọ mẹ́rin. Mo rí i pé Ìdòwú ò sí níbẹ̀, mo sì rò pé ó ti kú. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀. A ò fẹ́ fọwọ́ kan ojú egbò yín, ìdí nìyẹn tí a ò fi bèèrè."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ yìí lọ ni ìyá àgbà ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé nínú ọmọ márùn-ún, òun fọwọ́ ara òun mú ọ̀kan tọrẹ. Ó ń gbọ́ báyìí pé kò yẹ kó mú ìkankan.

"Ẹ rò pé ó ti kú," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ọmọ tó ń mí, tó ń jẹ ẹ̀wà. Ẹ sin ín sínú ìwé yín, ẹ tún ń kí mi pẹ̀lẹ́." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ẹ bèèrè ọjọ́ orí mi. Ẹ bèèrè igi tí mo fi ń dáná. Ẹ bèèrè bóyá a ní ṣáláńgá. Ẹ wá ń tijú láti bèèrè ọmọ."

"Ẹ dárí jì mí."

"Ẹ pa orúkọ àwọn tó kù rẹ́. Mi ò fẹ́ oore yín mọ́. Ẹ dìde nílé mi."

Abọ́sẹ̀dé bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kó bínú sí òun, kó má fi ti àwọn ọmọ ṣe é, pé ebi á pa wọ́n. Ìyá àgbà ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn. Nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, Abọ́sẹ̀dé dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ dànù, ó gba ọ̀nà títì lọ. Ó ń sunkún ní gbangba, ojú ò tì í mọ́.

Bùnmi sáré bá a kó tó dé ibi tó ti lè rí ọ̀kadà.

"Àǹtí, ẹ má gbọ́ tiwọn. Ẹ má pa orúkọ wa rẹ́. Bó bá dọ̀la, inú wọn á ti rọ̀."

"Mi ò ní pa á rẹ́."

"Ẹ kọ ti Ìdòwú náà sí i. Kí wọ́n máa bu tirẹ̀ sílẹ̀. A ò ní jẹ ẹ́, a ó bá a gbé e pamọ́."

Abọ́sẹ̀dé mọ òfin, òun ló kúkú kọ ọ́: ọmọ tí wọn ò bá fojú rí, wọn ò gbọdọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ó jókòó sórí òkúta létí ọ̀nà, ó mú ìwé tuntun jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó tún gbogbo wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé Àlàbá kì í ṣáájú Ìdòwú. Bùnmi dúró tì í, ó ń sọ fún un: ọmọbìnrin ni, ọdún méje ni, àsìkò tí wọ́n ń wa iṣu ni wọ́n bí i, ó fẹ́ràn ẹ̀wà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ohun tí ọmọ fẹ́ràn nínú ìwé náà, Abọ́sẹ̀dé kọ ọ́ sí etí rẹ̀.

Ó wá dé ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ibi tí ọmọ náà ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀kadà méjì kọjá, wọ́n fọn fèrè sí wọn, kò gbójú sókè.

"Ẹ kọ ilé wa síbẹ̀," ni Bùnmi wí.

Abọ́sẹ̀dé wò ó. Ọmọ náà ń wo ẹnu kálàmù, ó ń retí kó kọ ọ́. Ó kọ "ilé Ṣàngóyẹmí, Sekona" síbẹ̀, irọ́ ni, ó sì fọwọ́ sí i.